Bí Àgbàlagbà Wa Bá Wà Ní Ọsibítù

Àìsàn kan ṣoṣo kì í sábà bá àgbàlagbà. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè wà, kí ìtọ̀ ṣúgà tẹ̀ lé e, kí làkúrègbé tún dá sí i.

A bẹ ìyá kan láti Akọka yìí wò ní ọsibítù. Nọ́ọ̀sì béèrè gbogbo oògùn tí Màmá ń lò. Ọmọ kan dárúkọ méjì. Èkejì gbé àgbo pa mọ́. Kò sí ẹni tó sọ pé Màmá ń gbààwẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń lo oògùn ṣúgà! Irú oògùn bẹ́ẹ̀ láìjẹun lè mú kí ènìyàn dákú. Àwa pásítọ̀ ni a kéde ààwẹ̀ náà. Ojú tì wá.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í ṣe abẹ́rẹ́ nìkan. Ó ń wádìí, ó ń kọ ìṣòro sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣètò ìtọ́jú, ó ń ṣe é, ó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣiṣẹ́. Bí a bá fi nǹkan pa mọ́, ètò náà bàjẹ́.

Ní UCH Ìbàdàn, láti 2012 ni wọ́n ti ní ibùdó tí a kọ́ fún àwọn àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí ẹ bá wà, ẹ kó gbogbo oògùn àti àgbo lọ fi han nọ́ọ̀sì. Ẹ yan ọmọ kan tí yóò máa bá wọn sọ̀rọ̀.

Oníṣègùn ni Lúùkù, ó sì bá Pọ́ọ̀lù rìn. Àdúrà àti òtítọ́ kì í jà. Olúwa yóò dá àwọn òbí wa sí. Àmín.