Bí A Ṣe Lè Gba Ohùn Sílẹ̀ Kó Dún Ketekete Lórí Kásẹ́ẹ̀tì Òfìfo

 

Ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì la fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn ọmọ ní fóònù ti dé, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wa ṣì ń fi rẹ́díò oníkásẹ́ẹ̀tì gba oríkì àti ìtàn ìdílé lẹ́nu àwọn ìyá àgbà. Àgbà kì í dúró de ni. Bí ohùn náà bá rí wúruwùru, ta la fẹ́ padà lọ bi?

Ẹ kọ́kọ́ wo èyí tí ẹ fẹ́ rà. Èyí tí wọ́n kọ 60 sí lára, ìṣẹ́jú 30 ni ojú kan. Ti 90, ìṣẹ́jú 45. 120 náà wà, ṣùgbọ́n láti 1963 tí Philips ti gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde, ilé rẹ̀ kò tóbi sí i. Kí téèpù gígùn tó lè gba inú rẹ̀, àfi kó fẹ́lẹ́. Aláṣọ inú wa mọ ohun tí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń ṣe: ó ń fà, ó ń lọ́, rẹ́díò á sì jẹ ẹ́. 60 ló dára jù lójú tiwa.

Ẹ ti òwú bọ sípíríìtì tí kò ní òróró, ẹ fi nu irin kékeré tí téèpù ń fara kàn, kó sì gbẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ọ̀pọ̀ rẹ́díò kékeré ló ń fúnra wọn ṣètò bí ohùn ṣe máa lọ sókè tó. Bí ìyá bá dákẹ́ díẹ̀ láti mí, rẹ́díò á bẹ̀rẹ̀ sí í fa èyí tó wà nítòsí sókè: jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, fáànù, ẹlẹ́kọ tó ń polówó. Ìdí nìyẹn tí jíjìnnà fi burú. Kí máìkì má jìnnà sí ẹnu ju rúlà ọmọ iléèwé kan lọ. Bí ẹ bá ní máìkì tó dá dúró, òun ni kí ẹ lò, nítorí tara rẹ́díò ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tó ń yí téèpù. Bí kò bá sí, ẹ ká aṣọ sábẹ́ rẹ́díò, kó má baà gbé gbígbọ̀n tábìlì.

Ìbẹ̀rẹ̀ téèpù kì í gba ohùn o. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá kí ìyá tó lanu, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ orúkọ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọnù. Ẹ gba ọ̀rọ̀ díẹ̀ dánwò, ẹ dá a padà, ẹ gbọ́ ọ ná.

Bó bá parí, ẹ kán etí kékeré méjèèjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, kí ọmọ kan má baà lọ fi fújì lé e lórí. Ẹ má gbé e sórí sípíkà, òòfà inú rẹ̀ lè ba ohùn jẹ́, ẹ má sì fi í sínú oòrùn. Kí ọmọ tó ní fóònù sì bá yín gbà á sínú tirẹ̀ lọ́jọ́ náà.