Ẹ̀yin Oníṣòwò, Ẹ Ṣọ́ Owó Ọjà Tí Ń Lọ Sókè Òkun

Ọ̀rọ̀ ọjà ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Kò tọ́ kí a máa wàásù òṣùwọ̀n pípé fún ẹni tí ń tajà ní ìsọ̀, kí a sì fi ẹni tí ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Láti Ṣómólú, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í sinmi, títí dé Bàríga, àwọn ọmọ wa ń fi agbádá, àdìrẹ Abẹ́òkúta àti aṣọ òkè Ìṣẹ́yìn ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé owó tí ó ti wọlé tún lè jáde.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé aránṣọ kan ní Bàríga ta agbádá ní 200 dọ́là fún ẹnì kan ní Amẹ́ríkà. Owó dé, ó fi ẹrù ránṣẹ́, ó sì ti fi owó náà ra aṣọ mìíràn. Nígbà tí ó di oṣù kẹta, oníbàárà lọ sọ fún báńkì rẹ̀ pé òun kò rí agbádá kankan, tàbí pé ṣe ni wọ́n jí káàdì òun lò. Báńkì a sì fa owó náà padà. Aránṣọ kò rí agbádá, kò rí owó. Lọ́dọ̀ PayPal, 180 ọjọ́ ni ẹni tí ó rajà ní láti fi gbé ẹjọ́ wá. Oṣù mẹ́fà nìyẹn!

PayPal yìí kan náà ní ètò ààbò fún ẹni tí ń tajà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ẹ̀rí lọ́wọ́ ni ó wà fún. Àdírẹ́sì tí ó wà lára ìwé owó náà gan-an ni kí ẹ fi ẹrù ránṣẹ́ sí. Bí oníbàárà bá tún kọ̀wé pé kí ẹ bá òun gbé e lọ sílé àbúrò òun, tí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ojú àánú, ààbò ti bọ́. Ẹ dá owó rẹ̀ padà, kí ó tún un san pẹ̀lú àdírẹ́sì tuntun. Ẹ gba ìwé tí ó fi ọjọ́ hàn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ akẹ́rù, àti nọ́ńbà tí a fi ń tọ ẹrù lẹ́yìn títí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà. Bí owó rẹ̀ bá tó 750 dọ́là, ẹni tí ó gbà á gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹrù tí a bá fi rán ẹni tí ń rìnrìn àjò, tí ó kì bọ inú àpò rẹ̀, níbo ni a ó ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀?

Ẹ má sì gbà kí oníbàárà sanwó bí ẹni tí ń ta ẹbí lọ́rẹ, kí ó má baà san owó iṣẹ́ díẹ̀. Owó ẹ̀bùn kò ní ààbò ọjà.

Ètò yìí kò sì bo ẹjọ́ pé ọjà dé ṣùgbọ́n kò rí bí a ti wí. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wa ti wúlò. Nínú ọjà salam, tí a ń sanwó rẹ̀ ṣáájú, àwọn onímọ̀ ní a gbọ́dọ̀ mọ irú ọjà, ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀. Áyà tí ó gùn jù nínú Kùránì Alápọ̀nlé, áyà 282 nínú Súrátul Bákárà, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti wíwá ẹlẹ́rìí ni ó dá lé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé àìfọkàntánni ni bíbéèrè ìwé.

Ohun tí ó ti pa ọ̀pọ̀ lára ni àkáǹtì àyálò. Nígbà tí PayPal wọ Nàìjíríà ní 2014, a lè fi sanwó, a kò lè fi gbowó, ni àwọn ènìyàn wa bá ń lo àkáǹtì ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tí ó wà lókè òkun. Ní 2021, Flutterwave bá PayPal ṣe àdéhùn kí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Áfíríkà lè gba irú owó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ àwọn kan kò jáwọ́. Bí ìjà bá dé, ẹni tí ó ni àkáǹtì ni wọn yóò bá sọ̀rọ̀, wọn kò mọ aránṣọ Bàríga rí.

Ó ku ọ̀rọ̀ aṣọ́bodè. Ní 29 August 2025, Amẹ́ríkà dá àǹfààní tí ń jẹ́ kí ẹrù tí kò ju 800 dọ́là wọlé láìsanwó ibodè dúró. Kí ẹ̀yin àti oníbàárà ti sọ ẹni tí yóò san án kí ẹrù tó kúrò ní Ṣómólú, kí ó má baà kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn kan a sì máa kọ "ẹ̀bùn, 20 dọ́là" sára ẹrù 200 dọ́là. Irọ́ ni, kò sì lérè: bí ẹrù náà bá sọnù, 20 dọ́là tí ẹ kọ ni ilé iṣẹ́ akẹ́rù yóò fi ṣírò gbà-máà-bínú yín.