Onitsha: Báwo ni àwọn tó ṣì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣe di òǹkọ̀wé?

Fíìmù, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni ẹni tó bá dé Iweka Road ní Onitsha yóò kọ́kọ́ rí. Ojúlé 51 níbẹ̀ wà lára ojúkò tí wọ́n ti ń pín fíìmù Nollywood kiri Nàìjíríà láti ayé fídíò oníkásẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n kí fíìmù tó gbòde, ìwé wà lára ohun tí ìlú yìí fi ń pawó: ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fọwọ́ to lẹ́tà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí owó rẹ̀ kò sì ju agbára ọmọ iléèwé lọ. Láti ìparí àwọn ọdún 1940, nígbà tí Tabansi Bookshop gbé When Love Whispers ti Cyprian Ekwensi jáde, títí di ìgbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1967, ọgọọgọ́rùn-ún irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló jáde lágbègbè ọjà ńlá àti New Market Road. Akọ̀wé kékeré, tíṣà, oníṣòwò àti ọmọ iléèwé ló kọ èyí tó pọ̀ jù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, èdè tí ìyá wọn kò fi rẹ̀ wọ́n lẹ́kún rí. Ta ló wá kọ́ wọn débi tí wọ́n fi lè dá ìwé kọ láìsí olùkọ́ lẹ́yìn wọn?

Ẹni tó ń ra ìwé náà ló kọ́ wọn. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn. Ẹ fi wé àròkọ tí àwọn ọmọ wa ń kọ lónìí. Nínú máàkì 50 tí WAEC ń fún àròkọ Gẹ̀ẹ́sì, 10 wà fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò, 20 fún bí ọmọ náà ṣe lo èdè, 10 tó kù sì jẹ́ ti àìṣìkọ: sípẹ́lì, gírámà àti àmì ìkọ̀wé. Nínú 10 ìkẹyìn yìí, àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ń jẹ ààbọ̀ máàkì. Ọmọ tó jókòó ti irú àròkọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ẹnìkan ṣoṣo ni yóò kà á, pé ẹni náà kò ní béèrè ibi tí ìtàn já sí, àti pé bírò pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó bọ́gbọ́n mu fún un ni kó má dán nǹkan tuntun wò: yóò há ìbẹ̀rẹ̀ tí tíṣà fún un sórí, yóò sì sá fún gbólóhùn tó bá gùn. Ní 1996, olùwádìí kan, John Truscott, kọ ọ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà Language Learning pé títún gírámà ṣe fún ẹni tó ń fi èdè àkọ́kúntẹni kọ̀wé kò ràn án lọ́wọ́, pé ó tilẹ̀ lè pa á lára. Dana Ferris dá a lóhùn ní 1999 pé ó kù sí bí wọ́n bá ṣe tún un ṣe, àríyànjiyàn náà kò sì tíì tán. Bírò tíṣà ni àwọn méjèèjì ń bá fà á. Ní Onitsha, kò sí bírò tíṣà. Ẹni tó máa sanwó ló wà.

Ẹ wo Veronica My Daughter, eré tí Ogali A. Ogali kọ ní 1956, tó tà tó ẹgbẹẹgbàárùn-ún ẹ̀dà. Bàbá Veronica, Chief Jombo, kò mọ̀wé. Píjìn ló ń sọ, ó sì ti ní ọkọ mìíràn lọ́kàn fún ọmọ rẹ̀. Veronica àti Mike tó yàn láàyò ń sọ Gẹ̀ẹ́sì iléèwé. Bí Bomber Billy bá wá yọ sójú agbo, ọ̀rọ̀ kúkúrú tán nìyẹn: ọ̀rọ̀ tó gùn bí ọkọ̀ ojúurin ló ń rọ̀ lé àwọn èèyàn lórí. Ẹni tó lè fi èdè àjèjì dẹ́rìn-ín pa èèyàn báyìí ti ya Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ létí ara rẹ̀. Kò sí sílébọ́ọ̀sì tó kọ́ Ogali ní píjìn. Ìgboro ló ti gbọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ ra ìwé náà gbọ́ ọ. Àmì òǹkọ̀wé tó ti dá dúró lèyí lójú mi, kó mọ ìgbà tó yẹ kó fi Gẹ̀ẹ́sì gidi sílẹ̀.

Wọ́n á ní àṣìṣe kún inú ìwé wọ̀nyí, pé ẹni tó ń kà á náà ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, afọ́jú wá ń fa afọ́jú. Mi ò ní jiyàn. Àwòkọ́ṣe ni wọ́n pe ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń kọ lẹ́tà ìfẹ́, àṣìkọ rẹ̀ á sì bá lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ olólùfẹ́ tòun ti àpòòwé. Ṣùgbọ́n àṣìṣe nìkan kì í dí òǹkọ̀wé lọ́nà: Amos Tutuola ọmọ Abẹ́òkúta, tó ń ṣe mẹ́sénjà lọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó, kò kàwé ju bí ọdún mẹ́fà lọ nígbà tí Faber and Faber gbé The Palm-Wine Drinkard rẹ̀ jáde ní 1952. Akéwì Dylan Thomas yìn ín ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilé ni gírámà rẹ̀ ń tì lójú. (Ekwensi tí mo dárúkọ lókè kì í ṣe àpẹẹrẹ tó dáa: Government College Ìbàdàn ló lọ.) Àríwísí tó wúwo ju ti gírámà lọ ni ti owó. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ta iṣẹ́ wọn pátápátá fún agbéwèéjáde ní owó táṣẹ́rẹ́. Agbéwèéjáde náà lè yí àkọlé padà, ó tilẹ̀ lè fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Òmìnira wo ló wà níbẹ̀? Ti ahọ́n wà, ti àpò ni kò sí. Ní ti pé wọ́n ń jí ọ̀rọ̀ Shakespeare àti ti fíìmù lò, ìyẹn kò dà mí láàmù tó bẹ́ẹ̀: ọmọ iṣẹ́ télọ̀ a máa tú ògbólógbòó aṣọ kó lè rí bí wọ́n ṣe gé e.

Ogun ba ọjà náà jẹ́, ẹni tó bá sì fẹ́ ka díẹ̀ nínú àwọn ìwé yìí lónìí lè rí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí Yunifásítì Kansas ní Amẹ́ríkà kó wọn sí. Tíṣà òde òní kò nílò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láti ṣe irú rẹ̀. Fọ́tókọ́pì ojú-ewé mẹ́rin tí àwọn ọmọ kọ, tí kíláàsì tó múlé gbè wọ́n fi náírà díẹ̀ rà, ti tó láti rí òǹkàwé tí kì í ṣe olùmáàkì. WAEC ṣì ń bọ̀, ààbọ̀ máàkì rẹ̀ kò sì ní yẹ̀; kí tíṣà ṣáà fi bírò pupa sápò títí àwọn tó rà á yóò fi wá béèrè apá kejì ìtàn náà.