Ìlọ́po Ìkẹyìn: Jíà Ẹ̀yìn Ọkọ̀ tí a Pààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì Rẹ̀ àti Orúkọ tí ó Yẹ Ẹ́

Ọ̀kan nínú ohun tí ó máa ń da atúmọ̀ èdè láàmú nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni pé orúkọ tí ó bá nílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í fi ìgbà gbogbo sọ òótọ́ nípa ohun tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni nọ́ńbà tí wọ́n fi orúkọ dìfárẹ́ńṣà pè, tí ó wà fún jíà ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹni tí ó bá yọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀, tí ó fi èyí tí ó lágbára jù ú lọ rọ́pò, nọ́ńbà yìí ni yóò sọ bóyá owó tí ó ná wúlò fún un ní òpópónà tàbí kò wúlò. Bí atúmọ̀ bá ṣì í sọ, jíà tí kò yẹ ni òǹkàwé yóò rà.

Inú àpótí irin kan ṣoṣo tí ó wà láàrin táyà ẹ̀yìn méjèèjì ni iṣẹ́ méjì ti ń lọ. Ìkíní ni pípín ìyípo fún táyà ọ̀tún àti ti òsì, kí èyí tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ òde lè yí ju ti inú lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà ní kọ́nà. Iṣẹ́ yìí nìkan ni ó ni orúkọ dìfárẹ́ńṣà. Ìkejì ni dídín eré ìyípo kù: jíà kékeré tí ó wà ní ìdí ọ̀pá gígùn tí ó ti ọ̀dọ̀ àpótí jíà wá ni ó ń yí jíà ńlá kan. Iṣẹ́ kejì yìí ni ó ni nọ́ńbà tí à ń wí. Kò bá ti ìkíní tan rárá. Àwọn ọkọ̀ ìdíje kan wà tí wọ́n ti so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ gírígírí, tí kò sí pípín ìyípo kankan nínú wọn mọ́, síbẹ̀ nọ́ńbà náà wà níbẹ̀ digbí.

Fún iṣẹ́ kìn-ín-ní, apín-ìyípo ni orúkọ tí ó bá a mu. Àwọn tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà “ìyàtọ̀” túmọ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì ni, wọn kò tẹ̀ lé ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ náà yóò sì tún kọlu dìfárẹ́ńṣà ti àwọn onímọ̀ ìṣirò. Ní ti jíà méjèèjì, Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá orúkọ kiri. Ọlọ ní ọmọ ọlọ. Ìyáàlù náà sì ní àwọn ìlù kéékèèké tí wọ́n ń bá a rìn. Nítorí náà, ìyá jíà àti ọmọ jíà kò ní ṣòro fún ẹnikẹ́ni. Gẹ́gẹ́ bí ti ọlọ pẹ̀lú, ọmọ ni ó ń ṣe wàhálà jù.

Nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ ni ìlọ́po ìkẹyìn: iye ìgbà tí ọmọ jíà yóò yí kí ìyá jíà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ìyá jíà bá ní eyín 49, tí ọmọ jíà ní 12, ìlọ́po náà jẹ́ 4.083. “Ìkẹyìn” ni nítorí pé àpótí jíà ti ní àwọn ìlọ́po tirẹ̀ kí ìyípo tó dé ẹ̀yìn. Àǹfààní tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà “ìlọ́po” ni pé kò gba àríyànjiyàn. Àwọn mẹkáníìkì Amẹ́ríkà a máa pe 4.10 ní jíà ìsàlẹ̀ tàbí jíà kúkúrú, wọn a sì pe 3.08 ní jíà gíga, bẹ́ẹ̀ ni 4.10 ni nọ́ńbà tí ó ga jù. Ìwé mìíràn ẹ̀wẹ̀ a pe 4.10 náà ní gíga, nítorí pé nọ́ńbà ni òǹkọ̀wé ń wò. Atúmọ̀ tí ó bá kọ “gíga” sílẹ̀ láìbéèrè kò tíì túmọ̀ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò ṣi ìlọ́po ńlá mú fún ìlọ́po kékeré.

Ọkọ̀ Nissan 240SX, irú èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ní àárín 1989 sí 1994, lè fi bí ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣiṣẹ́ hàn. Láti 1991, ẹ́ńjìnnì oníhò mẹ́rin tí ó wà nínú rẹ̀ ń mú ipá ìyípo tí ó tó nǹkan bí 217 níútọ̀nù-mítà jáde. Jíà kìn-ín-ní èyí tí a ń fọwọ́ yí jẹ́ 3.321, ìlọ́po ìkẹyìn sì jẹ́ 4.083, ìlọ́po àpapọ̀ jẹ́ 13.56. Ẹ́ńjìnnì tí ọ̀pọ̀ máa ń gbé sí i ni LS1 oníhò mẹ́jọ ti Chevrolet, lítà 5.7, pẹ̀lú àpótí jíà T56 tí ó bá a wá. Ipá ìyípo LS1 lè tó 454 níútọ̀nù-mítà, ìyẹn ju ìlọ́po méjì ti àtijọ́ lọ. Jíà kìn-ín-ní T56 jẹ́ 2.66, ìkẹfà rẹ̀ sì jẹ́ 0.50.

Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ẹni tí ó ń fẹ́ eré ni pé kí òun tún fi ìlọ́po ńlá kún un. Ẹ jẹ́ kí ìṣirò sọ̀rọ̀. Bí a bá fi 4.083 sílẹ̀ níbẹ̀, àpapọ̀ ní jíà kìn-ín-ní jẹ́ 10.86, ipá ìyípo tí yóò dé táyà, láìyọ ohun tí ń sọnù lọ́nà, sì jẹ́ nǹkan bí 4,930 níútọ̀nù-mítà; ti ọkọ̀ àtijọ́ kò ju 2,940 lọ. Pẹ̀lú táyà 195/60R15, tí ìbú rẹ̀ láti etí kan dé èkejì jẹ́ 615 mìlímítà, ipá tí táyà fi ń ti ilẹ̀ yóò tó 16,000 níútọ̀nù. Ọkọ̀ náà kò wúwo ju nǹkan bí 1,250 kílógíráàmù lọ, èyí tí ìwúwo rẹ̀ kò tó 12,300 níútọ̀nù. Ipá náà ju ìwúwo odindi ọkọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ táyà ẹ̀yìn nìkan ni ó ń wà á! Èéfín rọ́bà ni yóò fi èyí tí ó ṣẹ́kù ṣe.

Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ̀ ọ́n fi ń wá ìlọ́po kékeré: 3.692, tí ìyá jíà rẹ̀ ní eyín 48 tí ọmọ ní 13, tàbí 3.538, tí ó jẹ́ 46 sí 13. Pẹ̀lú 3.692, 4,460 níútọ̀nù-mítà ni yóò dé táyà ní jíà kìn-ín-ní. Ó ṣì fi ìdajì ju ti àtijọ́ lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, ọkọ̀ náà yóò máa sá 71 kìlómítà ní wákàtí kan kí awakọ̀ tó yí sí jíà kejì, dípò 64 tí 4.083 ń fún un.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń yan ìlọ́po ìkẹyìn láìwo jíà òkè. Jíà kẹfà T56 jìn púpọ̀. Ní 100 kìlómítà ní wákàtí kan, pẹ̀lú 3.538, ẹ́ńjìnnì kò ní yí ju ìgbà 1,530 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Èyí dára ní ọ̀nà jíjìn, ó sì ń dín bẹntiróò kù. Ní 60 kìlómítà, nǹkan bí 920 ni, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa gbọ̀n bí aláìsàn ibà. Awakọ̀ ìgboro yóò ti gbé jíà kẹfà wá lásán. Bí ó bá jẹ́ àpótí jíà tí ń yí fúnra rẹ̀ ni, 4L60E tí òun náà ń bá LS1 rìn, ọ̀rọ̀ yí padà: jíà kìn-ín-ní rẹ̀ jẹ́ 3.06, ìkẹrin rẹ̀ 0.70. Nígbà tí 3.538 bá wà lẹ́yìn rẹ̀, àpapọ̀ jíà kìn-ín-ní jẹ́ 10.83, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 10.86 ti T56 pẹ̀lú 4.083 dọ́gba. Jíà ẹ̀yìn kan náà, ọkọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Fún òpópónà, 3.692 ni ó tọ́ sí T56, 3.538 sì ni ó tọ́ sí 4L60E. Ẹni tí ó fi 4.083 sílẹ̀ pẹ̀lú T56 kò kúkú ya wèrè, níwọ̀n ìgbà tí jíà kẹfà bá ń gbà á sílẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn.

Ó kù ọ̀nà tí a fi ń dá ìlọ́po mọ̀ nígbà tí a bá ra jíà tòkunbọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ ti parẹ́. Kò sí ibi tí orúkọ àṣìsọ ti ń ṣe ìpalára jù níbẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá gbé táyà ẹ̀yìn kan sókè, tí èkejì wà nílẹ̀, tí kò sí nínú jíà, tí ó sì yí táyà náà lẹ́ẹ̀kan, yóò rí i pé ọ̀pá gígùn kò yí ju ìgbà méjì àti díẹ̀ lọ, yóò sì rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Wọn kò rẹ́ ẹ jẹ. Apín-ìyípo ni ó pín in sí méjì: nígbà tí táyà kan bá dúró, ìdajì ìyípo èkejì ni ó ń dé ọ̀dọ̀ ìyá jíà. Ìgbà méjì ni ó yẹ kí ó yí táyà náà, kí ó tó ka ìyípo ọ̀pá. Bí ó bá sì jẹ́ irú apín-ìyípo tí kì í jẹ́ kí táyà kan yí láìsí èkejì ni, kí ó gbé méjèèjì sókè, kí wọ́n jọ yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.