Ọjọ́ Tí Ìfun Bàbá Mi Dí

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, bàbá mi kò yàgbẹ́. Ìsó pàápàá kò jáde. Ikùn wọn wú, ó le bí awọ ìlù. Nígbà tí mo fi máa dé láti Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti gbé agbo jẹ̀díjẹ̀dí kaná. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí. Bí nǹkan bá ti dí ọ̀nà ìgbẹ́ pa, agbo tó ń múni yàgbẹ́ kò lè ṣí i. Yóò kàn máa ti ìfun títí yóò fi bẹ́ síni nínú.

Ó ti lé lọ́dún kan tí bàbá ti ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́. Jẹ̀díjẹ̀dí ni gbogbo wa pè é, àtèmi tó yẹ kí n fura. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó.

Nílé ìwòsàn, wọn kò tíì mú abẹ. Wọ́n ní kí bàbá má jẹ, kí wọ́n má mu. Wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba imú lọ sí àpòlúkù, omi aláwọ̀ ewé ń dà jáde. Wọ́n fa omi sí wọn lára. Àwòrán CT fi hàn pé apá òsì ni kókó jẹjẹrẹ náà wà.

Ká ní apá ọ̀tún ni, wọ́n sábà máa ń gé e, kí wọ́n sì rán ìfun pọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ti apá òsì le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìfun tó wú, tí ìgbẹ́ kún, ojú rírán rẹ̀ lè máa jò. Wọ́n lè gba ìdí ki stent, páìpù onírin tó ń ṣí fúnra rẹ̀, bọ àárín kókó, kí ìgbẹ́ ráyè kọjá, kí ara sì mókun díẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Ó lè dá ìfun lu nígbà mìíràn. Ibi tí a wà kò tilẹ̀ ní i. Ẹni tí kò lágbára, wọ́n lè kàn ṣí ìfun sójú ikùn láì gé kókó. Ti ẹlòmíràn kò ju oògùn ìrora àti ti èébì lọ.

Èyí tí wọ́n fún bàbá ni iṣẹ́ abẹ tí Henri Hartmann, dókítà ará Faransé, ṣàlàyé ní 1921: gé kókó, pa ẹnu ìfun ìsàlẹ̀ dé, fa ti òkè jáde sójú ikùn, kí ìgbẹ́ máa bọ́ sínú àpò.

Bàbá kọ̀. “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kí n máa gbé ìgbẹ́ kiri ni?”

Mo di ọwọ́ wọn mú. “Bàbá, abẹ́ bùbá ni yóò wà. Wọ́n lè so ó padà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àmọ́ kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn ló ṣeé so.” N kò fẹ́ parọ́ fún wọn.

Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n tẹ̀ka sí ìwé ìyọ̀ǹda.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, atẹ́gùn fẹ́ àpò náà. Màmá wa tó jókòó tì wọ́n pàtẹ́wọ́.