Eré Ọmọdé: Ọ̀nà Tí A Fi Ń Gbọ́ Ohun Tó Wà Nínú Ọmọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: "Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a bá ṣe bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ni yóò ṣe dá wa lóhùn. Òwe yìí bá iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ọmọdé mu, àwọn tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní wẹ́fíà. Àwọn ni wọ́n ń ran ọmọ tí wọ́n lù ní àlùbami, tàbí tí wọ́n pa tì, lọ́wọ́.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í tètè sọ̀rọ̀. A ti kọ́ ọmọ Yorùbá pé kó má wo àgbà lójú. Bí àgbà tí kò mọ̀ rí bá jókòó sórí àga, tó ń bi í pé, "Ta ló nà ọ́? Kí lo ṣe?", yóò rò pé wọ́n ń bá òun ṣẹjọ́ ni. Yóò dákẹ́, tàbí kó sọ ohun tó rò pé àgbà fẹ́ gbọ́. Ìdí nìyí tí eré fi wúlò.

Àlọ́: Ẹ pa àlọ́ Ìjàpá, kí ẹ dúró láàárín. Ẹ bi ọmọ pé, "Kí ló ń ba Ìjàpá lẹ́rù? Ta ni kó sá tọ̀ lọ?" Ọmọ tí kò lè sọ ti ara rẹ̀ lè sọ ti Ìjàpá.

Ọmọlangidi: Ọmọ lè fi ọ̀kan ṣe ìyá, kó fi èkejì ṣe ọmọ. Bóyá ó ń pọ̀n ọ́n ni o, bóyá ó ń nà án ni o, ẹ kàn máa wò ó.

Ayò: Ihò 12, ọmọ ayò 48. Nídìí ọpọ́n, ọmọdé lè pa àgbà láyò, kó sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láìsí ìjà. Ọpọ́n ni àwọn méjèèjì ń wò, wọn kò wo ara wọn lójú. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń yọ.

Àwòrán: Ẹ ní kí ọmọ ya ilé àti àwọn tó ń gbé inú rẹ̀, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn àwòrán náà.

Ìkìlọ̀ wà o. Àwòrán nìkan kì í ṣe ẹ̀rí: ọmọ lè kun ilé ní dúdú torí pé bíró dúdú nìkan ló ní. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. "Ṣé bàbá rẹ ni?" kò dára, "Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà?" ló dára. Ẹ má sì ṣèlérí pé ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí bí ewu bá wà, ẹ gbọ́dọ̀ sọ. Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, ìwádìí kì í ṣe iṣẹ́ yín. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ọmọ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìgbáyégbádùn ìjọba.

Eré kì í ṣe ìranù. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 1989 sọ pé ọmọdé ní ẹ̀tọ́ láti ṣeré, ó sì ní ẹ̀tọ́ kí a gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó kàn án. Nàìjíríà fara mọ́ ọn ní 1991, ó sì ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní 2003.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ọ̀rẹ́ yín bá fi eré sọ ohun tó ń dùn ún, ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ bá a lọ sọ́dọ̀ àgbà tí ẹ fọkàn tán. Àwọn àgbà ní, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.