Ìyára, Ibùjókòó Dò àti Ìṣesí Orin nínú Ìdánrawò Kílárínẹ́ẹ̀tì

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ́ èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Mọlété, ní Ìbàdàn, tí ó sì tún wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, yóò ti pàdé dò-rè-mí ní ọ̀nà méjì. Nínú kíláàsì, dò ni ohùn ìsàlẹ̀, rè ni ohùn àárín, mí ni ohùn òkè. Ìdí nìyí tí orúkọ ìlú Ìbàdàn fi jẹ́ dò-dò-dò. Níbi ìgbáradì orin, ọ̀rọ̀ yí padà. Sò àti là lè wà nísàlẹ̀ dò, dò fúnra rẹ̀ sì lè jókòó sórí C lónìí, kí ó bọ́ sórí F lọ́la. Bí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ bá wá ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá àti Orin, tí wọ́n gbé ìwé ìdánrawò kílárínẹ́ẹ̀tì síwájú rẹ̀, ọ̀nà méjèèjì a máa kọlu ara wọn.

Ìdánrawò ni orin kúkúrú, ojú ewé kan tàbí méjì, tí wọ́n fi ń kọ́ ìka, èémí àti ahọ́n. Gbajúmọ̀ ni méjìlélọ́gbọ̀n tí Cyrille Rose (1830–1902), olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ orin Paris, ṣètò. Ó mú púpọ̀ nínú wọn láti inú ìdánrawò 48 tí Ferling, ará Jámánì, kọ fún fèrè óbò. Ohun mẹ́ta ni ẹni tí ó bá ṣí ojú ewé irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wò kí ó tó fun ohùn kan: ìyára, ibùjókòó dò, àti ìṣesí.

Èdè Ítálì ni wọ́n fi ń kọ ìyára. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí olùkọ́ túmọ̀ Allegro sí ‘kíákíá’, kí ó sì kọjá lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, orin náà yóò sì gbẹ. Bẹ́ẹ̀, nínú èdè Ítálì, ẹni tí inú rẹ̀ dùn, tí ara rẹ̀ yá gágá, ni wọ́n ń pè ní allegro. Andante jáde láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó túmọ̀ sí ‘rìn’: ìrìn ẹni tí kò sáré, tí kò sì wọ́ ẹsẹ̀. ‘Ní ìrọ̀rùn’ ni Adagio. Ìṣesí ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kọ́kọ́ ń sọ. Ìyára tẹ̀lé e. Ibí yìí gan-an ni èdè Yorùbá ti lọ́rọ̀, nítorí iṣẹ́ kan náà ni àwọn ọ̀rọ̀ àpọ́nlé wa tí ó jẹ́ fìrógbóyeyọ ń ṣe. Jẹ́jẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ àti wọ́ọ́rọ́wọ́ kò dọ́gba, bí kò tilẹ̀ sí èyí tí ó yára nínú wọn. Wéréwéré mọ́ lọ́wọ́. Wàràwàrà ní ìkánjú nínú. Ṣámúṣámú sún mọ́ Allegro ju kíákíá lọ fíìfíì. Mẹ́tírónómù, ẹ̀rọ tí Maelzel gba ìwé àṣẹ lé lórí ní ọdún 1815, wúlò: 60 lórí rẹ̀ jẹ́ lílù kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò mọ inú dídùn.

Ní ti ibùjókòó dò, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa pè é ní ‘kọ́kọ́rọ́’. Àwọn akọrin ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: ìwé orin wọn a máa kọ ọ́ sókè bóyá G ni dò wà tàbí F. Bí orin bá fi là ṣe ilé dípò dò, ọ̀pọ̀ ìwé ilẹ̀ Yúróòpù yóò ní orin ìbànújẹ́ ni. Ìwé Ferling fúnra rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Méjì-méjì ni ó tò ó: ibùjókòó kan náà, ìdánrawò kan lọ́ra, èkejì yára. Ilé kò yí padà, ìṣesí yí padà. Nílẹ̀ Yorùbá pàápàá, kì í ṣe ibi tí dò tàbí là wà ni ó ń mú kí ẹkún ìyàwó pa ni lẹ́kún. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọge, ohùn rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó ń sun ún ni. Ìdánrawò kò sì ní ọ̀rọ̀. Ìyára, agbára èémí àti ìpele ohùn nìkan ni ó kù tí olùkọ́ lè dì mú.

Lórí ìpele ohùn, kílárínẹ́ẹ̀tì ní ìwà tirẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni ti B♭: C tí ó wà nínú ìwé, B♭ ni etí ń gbọ́. Bí dùrù bá fi dò sórí F, afunkílárínẹ́ẹ̀tì yóò ka dò tirẹ̀ sórí G. Olùkọ́ tí kò bá mọ èyí yóò rò pé etí ọmọ ni kò dára. Èkejì ni kọ́kọ́rọ́ tí àtàǹpàkò òsì ń tẹ̀ láti mú ohùn gòkè (èyí ní tòótọ́ jẹ́ kọ́kọ́rọ́). Lórí sasofóònù, dò yóò di dò òkè. Lórí kílárínẹ́ẹ̀tì, dò ń di sò ti òkè, nítorí pé ihò inú rẹ̀ gún dọ́gba bí ọ̀pá, tí òpin rẹ̀ kan sì dí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ki, ó sì ṣókùnkùn. Òkè rẹ̀ mọ́ kedere, bí ìyáàlù ti yàtọ̀ sí omele. Orin kan náà tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ láti òkè sí ìsàlẹ̀ lè di ti arò láìjẹ́ pé dò kúrò níbi tí ó wà.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi ẹnu kọ ìlà àkọ́kọ́ ní dò-rè-mí ti orin, kì í ṣe ti ohùn èdè, kí ó sì wá ọ̀rọ̀ àpọ́nlé Yorùbá kan fún un, kí ó tó gbé ohun èlò sẹ́nu. Bí ó bá mú wàràwàrà wá fún Allegro, kí olùkọ́ ní kí ó padà lọ wá òmíràn.